Ìwọ̀n Ẹ̀tù Renda

Nínú ẹbí ọkọ mi, ilé tí kò bá ní ègùn lórí òkè dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Bàbá ọkọ mi ló fi òfin náà lélẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní ègùn tirẹ̀ lórí igi náà, pákó mẹ́rin márùn-ún tí ọdẹ ń jókòó lé láti dúró de àgbọ̀nrín. Ṣùgbọ́n ilé tó bá lo ọdún méjì gbáko láìpa ẹran kankan láti orí ègùn rẹ̀, ègùn ti bọ́ lọ́wọ́ ilé náà nìyẹn, ẹlòmíràn nínú ẹbí á gbà á. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹran tí wọ́n fi ìbọn ayé òde òní pa. Ṣakabùlà ni, ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dún kí o tó tún un kì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ewé ti tán lórí igi, tí òtútù sì ń bu èèyàn létí jẹ.

Ọmọ mi kejì, Dallas, kú nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó gun ègùn rẹ̀. Ta ló fẹ́ gùn ún? Kí a tó nu omijé tán, Renda ìyàwó rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé-ìwé tó ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ, eegun èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì ṣẹ́. Dókítà là á, ó fi irin so ó pọ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé bí nǹkan kan bá gbá èjìká yẹn gidi lẹ́ẹ̀kan péré, irin náà á já, òun ò sì ní lè tún un ṣe mọ́.

Báyìí ni ọdún kejì ṣe dé bá wa. Hobert, àkọ́bí mi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní gbangba pé bí ọ̀sẹ̀ ìbọn bá parí, ègùn Dallas á di ti ọkọ ọmọ òun. Hobert kì í ṣe èèyàn burúkú, èmi ni mo bí i, mo mọ̀ ọ́n. Òfin ló fẹ́ràn. Bí òfin bá ní kí ó gbé orí ara rẹ̀ sọ́wọ́, á gbé e.

Renda wá bá mi ní ìgbà tí a ń bó ápù tí a máa sá. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó, ó bó tó bíi mẹ́fà kí ó tó lanu.

"Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi máa lọ jókòó sórí ègùn Dallas, mo sì máa pa ẹran níbẹ̀."

Mo bi í pé èjìká wo ló fẹ́ fi ṣe é.

Ó ní, "Èyí tí wọ́n rán náà ni. Mi ò ní òmíràn."

Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ó mọ ìbọn yìn, ó máa ń tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Dallas ló máa ń bá a ki ṣakabùlà. Bí àwọn ọkùnrin àfonífojì Laurel tí à ń gbé sì ṣe ń ki ìbọn nìyí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀tù tí wọ́n ṣù bí hóró oògùn: wọ́n á ju hóró mẹ́ta sínú rẹ̀, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àádọ́ta, gbogbo rẹ̀ á di àádọ́jọ. Wọ́n á wá fi ìṣáná ìbọn tí iná rẹ̀ gbóná jù lọ sí ìdí rẹ̀. Bí ìbọn náà bá dún, á gbá ẹni tó yìn ín bí ìbaaka. Wọ́n ní ìbọn tí kò bá gbá ọ kò lè gbá ẹran. Hobert ní àmì dúdú kan ní igun èjìká tí kì í tán lára rẹ̀ láti oṣù Kejìlá títí di Àjíǹde, ó sì máa ń fi hàn wá bí ẹní fi àmì ẹ̀yẹ hàn.

Nítorí náà gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Renda nìkan ni kò gbà.

Ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Lonzo, ẹni tó ń ta ẹ̀tù, ìwọ̀ ẹja àti iyọ̀ màlúù lẹ́yìn ilé epo. Lonzo dàgbà jù mí lọ, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù mọ ìbọn ju ojú méjì àwọn ẹlòmíràn lọ. Renda ní òun ò fẹ́ ẹ̀tù oníhóró, òun fẹ́ èyí tó dà bí iyanrìn, kí òun lè máa bù ú ní ìwọ̀n tí òun bá fẹ́. Lonzo béèrè iye tó fẹ́ kó bá a bẹ̀rẹ̀. Renda ní àádọ́ta.

Lonzo yíjú sí mi. "Ìyá Hobert, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ta ẹ̀tù. Ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní kí n dín in kù."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ìjókòó fún wa. Ó mú òṣùwọ̀n bàbà kékeré kan jáde tí wọ́n fa ìlà sí lára, ìlà márùn-ún márùn-ún, ó sì kó páálí ìṣáná ìbọn mẹ́ta sórí tábìlì: pupa, funfun, àti aláwọ̀ ewé. Ìṣáná yìí kò ju orí ìka kékeré lọ. Òun ni òòlù ìbọn máa ń gbá, tí iná á fi ta láti inú rẹ̀ wọ inú ẹ̀tù. Lonzo ní iná páálí pupa dà bí iná alágbẹ̀dẹ, ti funfun jẹ́ ẹ̀lẹ̀, aláwọ̀ ewé wà láàárín. Ó ní àwọn èèyàn rò pé iná tó pọ̀ jù ló dáa jù. Wọn ò mọ̀ pé iná tó bá pọ̀ jù á ti ọta kúrò níbi tó jókòó sí kí ẹ̀tù tó jó dáadáa. Iná tó bá sì kéré jù, ẹ̀tù á máa ro ọ̀rọ̀ náà wò. Renda bi í pé èwo ni òun máa mú. Ó ní òun ò mọ̀, ìbọn Dallas nìkan ló mọ̀, kí ó lọ bi ìbọn náà. Renda ra páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ìró ìbọn kan kì í pẹ́ kó tó dún lẹ́yìn ilé Renda tí ó bá ti iṣẹ́ dé. Ó gbé tábìlì síta, ó fi àpò àgbàdo mi méjì ṣe ìrọ̀rí fún ìbọn, ó kan abọ́ páálí funfun mọ́ igi ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Ọta mẹ́ta sí abọ́ kan, á yọ ọ́, á kan òmíràn. Àádọ́ta, márùndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta. Bó bá yìn ín tán, á fi aṣọ tó rin wọ inú ìbọn lẹ́ẹ̀kan, aṣọ gbígbẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Á wá mu kọfí títí irin á fi tutù. Èmi ò rí ẹni tó ní sùúrù bẹ́ẹ̀ rí lára àwọn tó ń ṣọdẹ nílé wa. Àwọn ọkùnrin á yin ìbọn lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sán Satidé kan, bí ó bá ti kan igi, wọ́n á ní ó ti dáa.

Lára abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye ẹ̀tù, àwọ̀ páálí ìṣáná, àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fa ìlà fún èjìká rẹ̀: ìlà kan bí ó bá kàn rọ́ ọ, ìlà méjì bí ó bá dùn ún, ìlà mẹ́ta kí ó má tún dán an wò mọ́. Ìwé kíláàsì mẹ́ta ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè ka àwọn abọ́ wọ̀nyẹn. Bí ihò mẹ́ta bá fọ́n káàkiri bí adìẹ tí a lé, mo mọ ohun tó sọ. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, mo mọ ìyẹn náà.

Páálí pupa ló kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀. Fún ìwọ̀n ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan, Renda ti fi ọ̀bẹ fá àmì kan sára ọ̀pá ìkìbọn, ibi tí ọ̀pá náà máa wọlé dé bí ọta bá ti jókòó lórí ẹ̀tù gan-an. Lẹ́yìn tó yin ìṣáná pupa lẹ́ẹ̀mejì, Renda ki ọta kẹta, àmì náà kò wọlé tán, ó ku bí èékánná kan. Ẹlòmíràn á ní kò burú. Renda gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó pè mí kí n wá fọwọ́ kàn án. Iná tó gbóná jù yẹn ló ti sun èérí ẹ̀tù mọ́ inú irin, ó le bí ìkarahun, ó sì yí inú ìbọn po gẹ́lẹ́ níbi tí ọta ti yẹ kí ó jókòó. Ọta tí kò bá sì jókòó lórí ẹ̀tù lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lójú. Ó kó páálí pupa, ó kó o fún Hobert. Hobert dúpẹ́ gidigidi.

Ní àádọ́rin pẹ̀lú páálí funfun, nǹkan ṣẹnuure. Ihò mẹ́ta náà fara kan ara wọn, ìdérí agolo áṣáà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó sì fa ìlà kan péré fún èjìká. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Mo ní kó máa dúpẹ́, iṣẹ́ ti parí.

Ọjọ́ yẹn ni Hobert wá wo ohun tí a ń ṣe. Ó wo abọ́, ó wo òṣùwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní, "Àádọ́rin? Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ pa àgbọ̀nrín náà ni, àbí o kàn fẹ́ jí i lójú oorun?"

Renda ní, "Bùọ̀dá Hobert, ẹ jẹ́ kó jí ná. Ẹran tó ń sùn nínú igbó ò ṣeé rí yìn."

Hobert ń lọ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo rán an létí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní àgbọ̀nrín ò gbọ́ òwe.

Nígbà tí ìrì dídì àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, Renda ṣe ohun kan tí mi ò rí ẹnì kankan ṣe rí. Ó gbé ìbọn, ẹ̀tù, ọta àti ìṣáná síta sí fàráńdà láti ìrọ̀lẹ́, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí òtútù mú wọn mọ́jú. Ó ní ọjọ́ tí òun máa fi ṣọdẹ kọ́ ni òun fi dán wọn wò, ìgbà tí oòrùn ṣì ń ràn ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí koríko ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì ó yìn ín. Òòlù gbá ìṣáná, ìbọn dákẹ́. Ó dákẹ́ fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wá dún. Ọta lọ bá etí abọ́. Nínú ọta márùn-ún, méjì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí funfun, ẹni ẹ̀lẹ̀ yẹn, òtútù ti pa á.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti fi ṣe wàhálà ló ṣòfò nìyẹn. Mo rò pé yóò sunkún. Ó jókòó, ó mu kọfí tó kù nínú ife, kọfí tó ti tutù bí omi odò, ó nu inú ìbọn, ó sì ṣí páálí aláwọ̀ ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àádọ́ta.

Páálí aláwọ̀ ewé kò gba àádọ́rin. Ihò fọ́n. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ sí márùndínláàádọ́rin, wọ́n padà wá sọ́dọ̀ ara wọn. Wọn kò fẹnu kẹnu bíi ti páálí funfun, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mi bò wọ́n. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ní òtútù, òòlù àti ìbọn ń dún pọ̀ bí ẹni pàtẹ́wọ́. Láàárọ̀ mẹ́rin tí ìrì dì, kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ó fi dán ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ wò, ọta sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó dán ọgọ́rin wò, ó gbà á. Ó wá gun òkè lọ pẹ̀lú òwú pupa tí mo fi ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó ka ọgọ́rin ìṣísẹ̀ láti ìdí ègùn Dallas lọ sí ọ̀tún, sí òsì àti síwájú, ó so òwú mọ́ igi yí ká. Ó sọ fún mi nígbà tó dé pé ẹran tó bá wà lẹ́yìn òwú yẹn, ti Ọlọ́run ni.

Ọ̀sẹ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Yìnyín ti pọ̀ lójú ọ̀nà, Renda sì ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun kí n má bàa dá wà. Lọ́jọ́ Ajé, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, akọ ńlá kan jáde, ìwo rẹ̀ pẹ̀ka mẹ́wàá, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó dúró fún ìwọ̀n àsìkò tí èèyàn lè gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró lẹ́yìn òwú pupa. Renda wò ó láti ojú ìbọn títí ó fi lọ.

Ó sọ ọ́ fún wa lálẹ́ nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, kò fi pamọ́. Hobert fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ìbọn Dallas ì bá ti pa ẹran yẹn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ìbọn Dallas tó ní ẹ̀tù nínú ni mò ń sọ o."

Renda ní, "Òótọ́ ni, Bùọ̀dá. Ìbọn ti Dallas á pa á. Tèmi á ṣá a lọ́gbẹ́ ni, á sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i."

Ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, Hobert náà ti yin ẹran kan ní ọ̀nà jíjìn, ó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí i. Gbogbo wa tó wà nídìí tábìlì mọ̀. Ó fa abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹun lọ.

Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Ẹtì náà kọjá lásán. Ó wá ku ọjọ́ kan. Ìjọba fún wa ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilé wa kì í yìnbọn lọ́jọ́ ìsìn. Bí Satidé bá ti kọjá, ègùn Dallas ti lọ.

Ibí yìí ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, orí fàráńdà ni ìbọn máa ń sùn, Renda á ti kì í, ṣùgbọ́n kò ní fi ìṣáná sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Renda wà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ rẹ̀, mo wo ìbọn náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí nínú òtútù, àánú rẹ̀ ṣe mí. Nílé bàbá mi, orí ààrò ni ìbọn máa ń wà láti ìkórè títí di ìgbà tí odò bá yọ́, mi ò gbọ́ pé ó kọ̀ rí. Mo ní bí irin yìí bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní máa bu ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ jẹ láàárọ̀. Mo gbé e wọlé, mo fi í ti ẹ̀yìn ààrò. Renda gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, ó rẹ̀ ẹ́, ó jẹun, ó lọ sùn. Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kí ó bá a bẹ́ẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn.

Láàárọ̀, mo gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fàráńdà, tó dúró. Ó padà wọlé, ó rí ìbọn lẹ́yìn ààrò. Ó fi ìka kan fa ara irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé ìka sókè, omi wà lórí rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìbọn bàbá mi kì í kúrò lórí iná, kì í ti inú òtútù bọ́ sínú ooru. Èyí ti tutù dé inú egungun kí n tó gbé e wọlé, ó sì ti làágùn bí ìgò omi tútù, lóde àti nínú.

Hobert dé ní àkókò yẹn, kí wọ́n jọ gòkè. Ó wo ìbọn, ó wo ojú mi, kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìṣáná pupa kan jáde.

Ó ní, "Gbà. Èyí á la inú omi kọjá. Ilẹ̀ ti ń mọ́, Renda. Tí o bá ní o fẹ́ tú ìbọn yẹn palẹ̀, o ti pàdánù òwúrọ̀ nìyẹn, òwúrọ̀ tó sì kù fún ọ kò ju ẹyọ kan lọ."

Mo mọ̀ pé òótọ́ inú ló fi sọ ọ́. Ó fẹ́ ègùn náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà á lọ́nà yẹn. Èmi náà ń gbàdúrà nínú pé kí ó gba ìṣáná yẹn, kí ẹ̀ṣẹ̀ mi lè kéré.

Renda ní, "Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Ó lè dún o. Mi ò kàn ní mọ ibi tó ń lọ ni."

Ó fa àga, ó fi sípánà tú ìdí ìbọn, ó ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ó da ẹ̀tù náà sínú abọ́ kan fún wa wò. Ó ti dì ní kókó-kókó bí ṣúgà tí oru omi gbígbóná kọlù. Hobert fi ìka fọ́ kókó kan, ó wò ó, ó dá ìṣáná rẹ̀ padà sápò, ó sì bá tirẹ̀ lọ sókè. Renda fọ ìbọn náà, ó nù ún gbẹ, ó gbé e padà sí fàráńdà kí ó kọ́kọ́ tutù kí òun tó tún un kì. Kò ṣeé kánjú. Oòrùn yọ. A ń gbọ́ ìbọn àwọn ẹlòmíràn lórí òkè, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan sì ń wọ̀ mí lára.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Mi ò tíì sọ ìdajì tó fi dá mi dúró.

"Mọ́mì, ẹ ò fẹ́ kí òtútù mú mi lọ́wọ́ ni. Ẹ bá mi din ẹyin. Ẹ jẹ́ n jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yìí."

Mo din ẹyin mẹ́ta. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Ó bu márùndínláàádọ́rin nínú ẹ̀tù tuntun, ó ti ọta mọ́lẹ̀ títí àmì ara ọ̀pá fi wọlé tán, ó fi páálí aláwọ̀ ewé sápò àyà, ó lọ. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá dáadáa.

Mi ò kúrò lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Hobert sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án wá mu ọbẹ̀, ó tún gòkè. Aago mẹ́ta lù. Aago mẹ́rin lù, ojú ọ̀run di eérú. Ní àfonífojì wa, bí àwọn ọkùnrin bá yìnbọn, àwo á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti fẹ́ tan iná nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kan tó dún "pó", ṣókí, kò dún padà látorí òkè, bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpò àgbàdo. Mo mọ ìró yẹn. Mo ti gbọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Mo dúró de èkejì, nítorí ìbọn kejì túmọ̀ sí pé ti àkọ́kọ́ kò dára. Mo dúró títí omi tó wà lórí iná fi gbẹ. Kò dún.

Renda sọ bó ṣe rí fún mi lẹ́yìn náà. Abo kan ló ti inú igbó sọ̀ kalẹ̀, abo tí kò ní ọmọ lẹ́yìn, ó ń jẹ èso igi nínú yìnyín. Ó dúró lẹ́yìn òwú pẹ́, Renda kò mira. Ó wọnú òwú, ó kọjú sí i gan-an, Renda kò yìn ín. Ní bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Òòlù àti ìbọn dún pọ̀. Èéfín bo gbogbo nǹkan. Renda jókòó, ó ka ení, èjì, títí dé ọ̀ọ́dúnrún kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹran tó bá fẹ́ kú lè kú ní àlàáfíà. Láti ibi tí ọta ti bá a, ẹran náà kò sá ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ kí ó tó ṣubú.

Hobert ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin ọgọ́ta ọdún, ó sáré gba orí òkè méjì, ó rò pé èjìká ló ti já. Ó bá Renda lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, èjìká pé. Ó kúnlẹ̀ náà, ó fi ìka wá ibi tí ọta gbà wọlé lẹ́yìn apá, ó yí ẹran náà, ó rí ibi tó gbà jáde lódìkejì. Ó wá bi Renda léèrè.

"Mélòó lo bù sí i?"

"Márùndínláàádọ́rin."

"Ìṣáná èwo?"

"Aláwọ̀ ewé."

Ó ní kí Renda gbé ìbọn méjèèjì. Òun nìkan ló so okùn mọ́ ẹran náà, tó wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kò jẹ́ kí Renda fọwọ́ kan okùn. Nígbà tí mo tan iná fàráńdà tí mo rí wọn, èéfín ẹ̀tù ti kun ojú ọmọbìnrin náà dúdú, àyàfi ibi tí omijé gbà kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a tẹ́ tábìlì, a dúró de Hobert, kò dé. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbé pákó jáde. Kò pẹ́ la gbọ́ òòlù láti orí òkè, níhà ègùn Dallas. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ti jẹrà ní ìpele méjì, ó sì ń kan tuntun sí i. Renda bu ẹ̀dọ̀ àti àlùbọ́sà díndín sínú abọ́, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó kí ó má tutù, ó wọ bàtà, ó gbé e lọ bá a.